Abara méjì ni aboyún: ìpara kan, ara méjì

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín ní oṣù yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí obìnrin máa ń sọ sí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ létí, tí àwa ọkùnrin kì í sì í gbọ́ àfi nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ojú aboyún ni, àti ohun tí ó fi ń pa á.

Ìyàwó kan wà nínú ìjọ wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ìtàn náà, kí àwọn ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Àwa ni a kọ́ òun àti ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ wọ oṣù kẹfà, a kò rí i ní Mísà mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì kọjá, ẹ̀kẹta kọjá. A bi ọkọ rẹ̀ léèrè, ó ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, àwa àti ìyàwó wa dìde, a lọ kí i.

Nígbà tí ó jáde sí wa, ó ti fi ìborùn bo ojú, ó kù díẹ̀ kí ó kan imú. Ìyàwó wa ní: «Àbúrò mi, kí ló dé? Ṣé eyín ń dùn ọ́ ni?» Kò dáhùn. Nígbà tí ó yá, ó ṣí ìborùn náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì àti iwájú orí rẹ̀ ní àbàwọ́n dúdú, bí ìgbà tí ènìyàn fi èédú kùn ún. Ní àyíká àbàwọ́n náà, awọ ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ti fẹ́lẹ́, ó sì ń ta á bí ẹni tí ata kàn lójú.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin wá kí wọn láti Àjàṣẹ́. Ó wo ojú rẹ̀, ó ní: «Háà, ìyàwó, ṣé ìwọ náà rèé? Ojú rẹ ti dà bí ìdí ìkòkò!» Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ó dùn ún jù. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ kan mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin tí ó máa ń po ìpara. Ìgò kékeré kan ni, kò ní orúkọ, kò ní páálí. Wọ́n ní kí ó máa pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, ní ojú, ní ọrùn, àti ní ikùn níbi tí ilà ti ń yọ. Láti oṣù kẹrin ni ó ti ń pa á.

Àwọn àgbà wa ní orúkọ kan fún aboyún: abara méjì. Orúkọ yìí kì í ṣe àpọ́nlé lásán, òtítọ́ ni. Ohun tí abara méjì jẹ, ẹni méjì ni ó jẹ ẹ́. Ohun tí ó mu, ẹni méjì ni ó mu ún. A mọ èyí, a sì máa ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń rántí pé ohun tí abara méjì fi pa ara, ara méjì ni ó fi pa?

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí awọ aboyún?

Nígbà tí oyún bá dúró, àwọn oje kan tí ara ń pèsè fúnra rẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù, máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú oyún kí ó má bàa wálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń jí ohun tí ó ń pa awọ wa láró, èyí tí a ń pè ní mẹ́lánínì. Nítorí náà orí ọmú á dúdú sí i, ilà dúdú kan á yọ láti ìdodo lọ sí ìsàlẹ̀, ojú àwọn mìíràn á sì ní àbàwọ́n. Àwọn agbẹ̀bí wa tí ó kàwé Faransé ń pe ti ojú yìí ní «masque de grossesse», èyí ni pé ìbòjú oyún. Oòrùn a sì máa mú kí ó dúdú sí i.

Ìbòjú ni, kì í ṣe ojú. Ní ọ̀pọ̀ obìnrin, lẹ́yìn ìbímọ, ilà ikùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá láàárín oṣù mélòó kan, àbàwọ́n ojú náà á sì máa rọ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè pẹ́ lójú àwọn kan. Ní ti ilà tí ń yọ ní ikùn, ní itan àti ní ọmú, awọ tí ó fà ni ó ń fà á. Ìyẹn kì í sábà parẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n pípọ́n rẹ̀ á lọ, á sì di fífín. Kò sí ìpara kankan tí a ti fi hàn dájú pé ó lè dí i lọ́nà, ohun yòówù tí ẹni tí ń tà á ìbáà sọ.

Ẹ sì gbọ́ ohun tí èdè wa fúnra rẹ̀ ń wí. Bí obìnrin bá dúdú tí ó ń dán, a ní adúmáadán ni, a ní ó dúdú bí kóró iṣin. Bí ó bá pupa, a ní apọ́nbéporẹ́ ni. Àwọn tí ó fi èdè yìí sílẹ̀ fún wa yin àwọ̀ méjèèjì. Wọn kò pe ọ̀kan ní àìsàn tí a ń wá oògùn sí.

Kí ni ó wà nínú ìgò náà?

Awọ ara kì í ṣe ògiri. Ohun tí a fi pa á lè gba inú rẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ó sì ń gbé oúnjẹ lọ bá ọmọ. Nínú àwọn ìpara tí wọ́n ń lò láti bó ara, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí gbogbo ilé mọ orúkọ wọn.

Àkọ́kọ́ ni hydroquinone. Òun ni ó ń dá iṣẹ́ aró ara dúró. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé nínú èyí tí a bá fi pa ara, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó ń wọ inú ara lọ. A kò tíì rí ẹ̀rí tí ó dájú pé ó ń pa ọmọ inú lára, ṣùgbọ́n nítorí bí èyí tí ń wọlé ti pọ̀ tó, àwọn dókítà ń sọ fún aboyún pé kí ó fi í sílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà ní ìṣọ̀kan fòfin yọ ọ́ kúrò nínú ìpara abóra ní 2001. Ẹni tí ó bá ń pa á fún ọdún púpọ̀ sì lè rí i pé ojú tí òun fẹ́ kí ó mọ́ á dúdú bí aró, á sì le.

Èkejì ni clobétasol àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní corticoïde. Oògùn ni ní tòótọ́. Dókítà lè fún ẹni tí ó ní àìsàn awọ, díẹ̀, fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pa á sí gbogbo ara lójoojúmọ́, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ìfúnpá rẹ̀ lè ga, ṣúgà lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ilà ikùn tí ó ń sá fún á tún pọ̀ sí i, nítorí pé oògùn yìí fúnra rẹ̀ a máa fa ilà sára. Bí ó bá sì di dandan pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ, awọ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rán, ojú ọgbẹ́ náà kì í sì í tètè jiná.

Ẹ̀kẹta ni mẹ́kúrì, tí ó máa ń wà nínú ọṣẹ àti ìpara kan tí kì í sọ orúkọ rẹ̀ síta. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú. Ní ìlú Minamata ní Japan, ilé iṣẹ́ kan da mẹ́kúrì sínú òkun, ẹja jẹ ẹ́, ènìyàn sì jẹ ẹja. Ní 1956 ni wọ́n kéde àìsàn náà. Àwọn ìyá kan wà níbẹ̀ tí ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan, tí wọ́n sì bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti inú oyún. Mẹ́kúrì ti inú ẹja yẹn kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti inú ìpara, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá wa mu: ohun tí ìyá kò mọ̀ lára, ọmọ lè mọ̀ ọ́n. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe ní 2013 láti gbógun ti mẹ́kúrì, títí kan ti inú ìpara. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, kí ó wo Dakar ní Senegal. Àwọn dókítà yan aboyún 99 níbẹ̀, wọ́n bá wọn rìn títí wọ́n fi bímọ, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2007. Nínú àwọn 99 yẹn, 68 ni ó ń fi ìpara bó ara nínú oyún. Bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, àwọn dókítà kò rí ìyàtọ̀ ńlá láàárín àwọn tí ń pa á àti àwọn tí kò pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ àwọn tí ń lo corticoïde tí ó le sọ́tọ̀, ó yàtọ̀. Ibi-ọmọ tí ń bọ́ ọmọ nínú kéré lára àwọn wọ̀nyí, ọmọ tí kò wọ̀n tó sì pọ̀ jù láàárín wọn. Ọmọ tuntun tí kò tó kìlò 2 àti ààbọ̀, òtútù tètè ń mú un, àìsàn tètè ń wọ̀ ọ́, ọmú fífà sì lè nira fún un.

Ẹyin ni ohùn

Ẹ jẹ́ kí a béèrè nísinsìnyí: ta ni ó ra ìgò náà fún ìyàwó yìí? Òun ni ó mú owó lọ sí ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín inú ilé ni ó tì í débẹ̀.

Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Aboyún kò ní ẹni tí ó lè bọ́ ara rẹ̀ wọ̀ fún ọjọ́ kan. Ó ń rí i bí ara tí ó mọ̀ ṣe ń di ara tí kò mọ̀: imú wú, ẹsẹ̀ wú, ikùn ti iwájú rẹ̀ lọ. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun ṣì ni. Bí ó bá rí ẹ̀rín níbẹ̀, á wá ohun tí yóò fi pa ẹ̀rín náà rẹ́.

A kò sọ èyí láti dá ọkọ ìyàwó náà lẹ́bi. Àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí, a jẹ̀bi rẹ̀ rí. Nígbà tí ìyàwó wa lóyún ọmọ wa kejì, imú rẹ̀ wú, ọrùn rẹ̀ sì dúdú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ó ń wo dígí, a bú sẹ́rìn-ín, a ní: «Ìyá ọmọ wa, ta ni ó gbé imú bàbá wa wá fún ọ?» A rò pé àwàdà ni. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ti ilé ìyàwó yìí dé, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ni ó tó sọ fún wa pé láti àárọ̀ yẹn títí òun fi bímọ, òun kò wo dígí mọ́ níṣojú wa. Ọdún mọ́kànlá! Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni a sì fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó. A tọrọ àforíjì ní alẹ́ náà. Ó dárí jì wá, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ẹyin tí ó fọ́ kì í padà di odindi.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàálé, àwa àti ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ bá wí. Ẹ má fi ara abara méjì ṣe àwàdà. Bí ẹ̀gbọ́n yín tàbí ìyá yín bá sọ ọ́, ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé: «Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ wa ni ó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.» Ẹ sì sọ fún ìyàwó yín, ní etí rẹ̀ àti níṣojú ènìyàn, pé ó rẹwà lójú yín. Kò ná yín ní fránkì kan.

Kí ni aboyún lè ṣe?

Bí awọ bá ń yún tàbí tí ó gbẹ, òrí tí kò ní àdàlù wà, òróró àgbọn wà. Wọn kì í bó ara, wọn kì í pa ilà rẹ́, ṣùgbọ́n awọ á rọ̀. Ní ti àbàwọ́n ojú, ẹ sá fún oòrùn: ẹ dé akẹ̀tẹ̀ lọ sí oko, ẹ mú agboorùn lọ sí ọjà.

Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ fún ọmọ tí ó ń lọ sí ilé ìwé kí ó kà á fún yín. Bí ó bá rí hydroquinone, clobétasol, bétaméthasone tàbí mercure, ẹ dá a padà. Ìgò tí kò ní orúkọ, ìpara tí wọ́n pò pọ̀ níṣojú yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọṣẹ dúdú pàápàá, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, nítorí pé àwọn kan ti ń po oògùn abóra mọ́ ọn.

Ẹni tí ó bá ti ń pa ìpara tí ó le fún oṣù púpọ̀, kí ó má jáwọ́ lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ara lè ṣàìsàn nígbà tí ó bá sọ oògùn náà nù. Kí ó mú ìgò rẹ̀ lọ bá agbẹ̀bí tàbí dókítà, kí ó sì sọ òtítọ́. Kí ojú má tì í. Ẹni tí yóò gba ẹ̀bí rẹ̀ ní láti mọ̀, pàápàá bí iṣẹ́ abẹ bá lè wáyé. Bí ó bá sì jẹ́ dókítà ni ó fún un ní ìpara fún àìsàn awọ, kí ó má dà á nù nítorí ohun tí ó kà níhìn-ín. Kí ó kọ́kọ́ bi dókítà náà léèrè.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé tìróò. Àwọn ìyá wa lò ó, òótọ́ ni, wọ́n sì fi lé ojú ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú tìróò tí wọ́n ń tà ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, nínú oyún àti lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ olóṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n fi ń lé e lójú ni wọ́n yẹ̀ wò: ó ju ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ òjé. Àwọn òbí náà kò mọ̀. Àwa ti mọ̀ báyìí.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ń ta ìpara ní ọjà, a mọ̀ pé ọjà ni ó ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ yín. A kò ní kí ẹ pa ọjà tì. Ohun kan ṣoṣo ni a bẹ̀ yín: bí ẹ bá rí ikùn níwájú àtẹ yín, ẹ ta òrí fún un, ẹ má ta ìyókù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí

Ní ọjọ́ kejì tí a lọ kí i, ìyàwó wa tẹ̀ lé ìyàwó náà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Ìyá agbẹ̀bí gba ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Kò bínú sí i. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kí ó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń fi alùpùpù gbé e lọ. Nígbà tí oṣù pé, ó bí ọmọbìnrin. Kìlò 2 àti gíráàmù 300 ni ọmọ náà wọ̀n. Ìyá agbẹ̀bí kò sọ pé ìpara ni ó fà á. Kò sí ẹni tí ó lè búra. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà sọ fún wa pé ní gbogbo òru tí òun fi gbé e mọ́ àyà kí òtútù má bàa mú un, ìgò yẹn ni òun ń rò.

Ọmọ náà ń bẹ, ó ń sáré kiri ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn Mísà. Ó dúdú bí kóró iṣin. Lójú ìyá rẹ̀, àbàwọ́n oyún ti lọ tipẹ́. Ibi tí ìpara ti bó o ni ó kù, lábẹ́ ojú ọ̀tún, tí ó sì ń ta á bí oòrùn bá mú. Nígbà tí ó lóyún ẹ̀ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ tún dúdú bí ti àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó jókòó sí ìlà iwájú, kò fi ìborùn bo ojú. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í.

Kí Ọlọ́run sọ gbogbo abara méjì wa kalẹ̀ láyọ̀. Kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Ó di oṣù tí ń bọ̀.